Lẹ́tà Láti Ojú Sánmọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì ní Sùúrù

Ìtàn ọba, ìtàn ogun tàbí ìtàn ìlú ni a sábà máa ń kà ní abala yìí. Èyí tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ìtàn iṣẹ́ rírán. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò le láti lóye: báwo ni ènìyàn ṣe lè ránṣẹ́ sí ibi tí ìdáhùn kò lè tètè ti wá, tí ọ̀nà sì máa ń dí lójoojúmọ́, kí iṣẹ́ náà má sì sọnù? Àwọn tó wá ìdáhùn rẹ̀ ń ronú nípa pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọ́n rí jọ ohun tí àwọn òbí àti òbí wa àgbà ti ń ṣe tipẹ́. Apá kan nínú ìtàn náà sì ṣẹlẹ̀ ní Guildford, tí kò jìnnà sí wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kan ìbátan sátẹ́láìtì Nàìjíríà kan.

Ìkíni kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò. Ní ọdún 1974, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Vint Cerf àti Robert Kahn, kọ ìwé kan tó ṣàlàyé bí oríṣiríṣi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀ǹpútà ṣe lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti inú ìwé yẹn ni ìlànà tí à ń pè ní TCP/IP ti jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, ARPANET, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà náà. Títí di òní olónìí, òun ni íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màmá àgbà ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà á gé e sí wẹ́wẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan á ru àdírẹ́sì ibi tó ń lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ègé kan lè gba ibí, kí èkejì gba ọ̀hún. Bí wọ́n bá débẹ̀, kọ̀ǹpútà tó gbà wọ́n á tò wọ́n pọ̀ padà. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, ẹni tó fi ránṣẹ́ á mọ̀ nítorí pé kò gbọ́ pé ó dé, á sì tún un fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ègé àkọ́kọ́ tó gbéra, àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ kí ara wọn ná, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá kì í ṣeé dédé já wọlé kó máa ròyìn. Ti àkọ́kọ́ á ní, «Ẹ ǹlẹ́ o, ṣé ẹ wà nílé?» Èkejì á ní, «A wà ńlé o, ẹ máa wọlé.» Ti àkọ́kọ́ á ní, «Ó dáa, mo ti ń bọ̀.» Láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, gbogbo ìkíni yìí kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lọ.

Nínú ìlànà yìí, ohun méjì ni wọ́n gbà pé yóò máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìkíní ni pé ọ̀nà yóò ṣí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì ni pé ìdáhùn yóò tètè dé. Bí ìdáhùn bá pẹ́, TCP á rò pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà, á sì dín ìwọ̀n ohun tó ń fi ránṣẹ́ kù. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá wá pẹ́ jù, á gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, á sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí ìkíni kò ti ṣiṣẹ́

Ìró rédíò ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, ìyẹn bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ohun tó lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùpá fi bí 384,000 kìlómítà jìnnà sí wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ ń débẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Mars ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Bí òun àti ayé bá súnmọ́ra jù lọ, ọ̀rọ̀ ń gba bí ìṣẹ́jú 3 kó tó dé ọ̀hún. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù lọ, ó ń gba bí ìṣẹ́jú 22.

Ẹ wá rò ó wò. Bí Mars bá wà níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gba ogún ìṣẹ́jú, «Ẹ ǹlẹ́ o» á lo ogún ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀, «A wà ńlé» á sì lo ogún ìṣẹ́jú mìíràn kó tó padà. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ, a kò ì tíì sọ ohun tó gbé wa wá! Ti Voyager 1 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ló kúrò láyé, ó sì ti jìnnà débi pé ọ̀rọ̀ kan ń gba ju wákàtí 22 lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Jíjìnnà nìkan kọ́ sì ni. Mars ń yí bí ayé ṣe ń yí, nítorí náà ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń kẹ̀yìn sí wa fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ọkọ̀ tó ń yí Mars po náà máa ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ní bí ọdún méjì-méjì, òòrùn máa ń bọ́ sí àárín ayé àti Mars, àwọn ẹnjiníà á sì dá àṣẹ fífi ránṣẹ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láfikún, ibi mẹ́ta péré ni àjọ NASA gbé àwọn eríálì ńláńlá tó ń bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ sí: Goldstone ní Kalifọ́níà, ẹ̀bá Madrid ní Sípéènì, àti ẹ̀bá Canberra ní Ọsirélíà. Wọ́n pín wọn yí ayé ká kí ọ̀kan lè máa rí ojú sánmọ̀ bí ayé ti ń yí. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń dúró de àyè pọ̀, kálukú ló sì ní àkókò tirẹ̀.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń dá sí i? Àwọn ènìyàn ló ń jókòó ṣètò rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, rọ́bọ́ọ̀tì méjì, Spirit àti Opportunity, balẹ̀ sí Mars. Wọ́n lè bá ayé sọ̀rọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gba ọ̀nà yẹn kọjá. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwòrán àti ìròyìn wọn ni wọ́n gbé fún ọkọ̀ tó ń yí Mars po, pàápàá Mars Odyssey. Òun á tọ́jú ẹrù náà, á dúró títí ayé á fi yọ sí i, á wá fi ránṣẹ́ sílé. Ètò náà ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ ènìyàn ló ń pinnu ìgbà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò bá sọ ọ́. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, èyí ṣe é ṣe. Bí wọ́n bá di ogójì, tí wọ́n sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, wàhálà dé.

Ìpàdé ọdún 1998

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1997, ọkọ̀ Mars Pathfinder balẹ̀ sí Mars, gbogbo ayé sì ń wo àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Vint Cerf bi ara rẹ̀ pé kí ló yẹ kí òun máa ṣe nísinsìnyí tí aráyé yóò nílò ní ọdún 25 sí i. Ní ọdún 1998, ó lọ bá àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ JPL ti NASA ní Pasadena, ní Kalifọ́níà. Lára àwọn tó bá ṣiṣẹ́ náà ni Adrian Hooke, Scott Burleigh, Leigh Torgerson, Robert Durst àti Keith Scott.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé kí wọ́n kàn mú TCP/IP lọ sí Mars. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò lè ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí mo ṣàlàyé lókè. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé kí ayé máa lo íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí Mars náà lè ní tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sì wá fi ìlànà tuntun kan lé wọn lórí tí yóò so wọ́n pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Bundle Protocol. Lédè wa, a lè pè é ní Ìlànà Ìdì, nítorí pé ńṣe ni ó ń di ọ̀rọ̀ ní ìdì, bí a ṣe ń di ẹrù.

Ẹ̀yin òbí á rántí ìgbà tí fóònù ṣọ̀wọ́n. Bí ènìyàn bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, á wá ẹni tó ń lọ sílé. Ẹni yẹn á gbé e dé Èkó, á fún ẹ̀gbọ́n kan. Ẹ̀gbọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ títí á fi rí ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ará Ìbàdàn náà á dúró de ọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Kò sí ìgbà kankan tí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Ìsẹ́yìn ṣí sílẹ̀ lódindi, síbẹ̀ lẹ́tà dé. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ máa ń kọ gbogbo ohun tó yẹ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: owó wo ni fún ta, àìsàn ta ni òun gbọ́, kí ni kí wọ́n ṣe bí wọn kò bá tètè gbúròó òun. Kò lè máa dúró kí wọ́n bi òun léèrè.

Bí Ìlànà Ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gba ìdì, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń dúró títí ọ̀nà tó kàn á fi ṣí. Ara ìdì náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: ibi tó ń lọ, ẹni tó rán an, ìgbà tí wọ́n dì í, àti ìgbà tí kò ní wúlò mọ́, kí wọ́n lè jù ú nù. Bí ìdì bá bàjẹ́ láàárín Mars àti ayé, kò pọn dandan kí rọ́bọ́ọ̀tì tó ya àwòrán náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ibùdó tí ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún un fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ibùdó tó gba ìdì kò gbọdọ̀ kàn sọ pé ọ̀nà dí, kó wá jù ú nù.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Ẹni tó ń lọ sílé lè yẹ ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kì í ṣàdédé yẹ ọjọ́. A lè fi ìṣirò mọ ìgbà tí Odyssey yóò yọ àti ìgbà tí yóò wọ̀. Nítorí náà, wọ́n lè fún ibùdó kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí, kó lè fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí ìdì yóò gbà.

Ayé náà nílò rẹ̀

Ní ọdún 2003, Kevin Fall, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Intel ní Berkeley, kọ ìwé kan tó mú ọ̀rọ̀ náà padà wá sílé ayé. Ó ní ìṣòro yìí kì í ṣe ti Mars nìkan. Ibi púpọ̀ wà láyé tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wá, tí ó sì tún ń lọ. Láyé ìgbà yẹn, ní ẹkùn Ratanakiri ní Kàǹbódíà, àwọn tó ń gun ọ̀kadà ń gbé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà láti abúlé kan dé èkejì: bí ọ̀kadà bá kọjá lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á gba lẹ́tà tuntun, á sì já èyí tó gbé wá. Ní Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Princeton so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tí wọ́n ń pè ní sébírà. Bí ẹranko méjì bá pàdé, ẹ̀rọ wọn á gba ìròyìn lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn wọ̀nyí kò lo Ìlànà Ìdì gan-an, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ní ọdún 2007, wọ́n tẹ ìlànà náà jáde: àlàyé ètò rẹ̀ ní oṣù kẹrin, òfin Ìdì fúnra rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó.

Láti Guildford dé ojú sánmọ̀

Ní Guildford, ilé iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ń ṣe àwọn sátẹ́láìtì kéékèèké. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà, ó sì gbé NigeriaSat-1 àti ìbátan rẹ̀ kan, UK-DMC, ti Bìrìtìkó, lọ sókè pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe: yíya àwòrán ilẹ̀, pàápàá níbi tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀.

UK-DMC, kì í ṣe ti Nàìjíríà, ni wọ́n fi dán Ìlànà Ìdì wò. Bí ó bá kọjá lókè Guildford, àkókò tó ní láti bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ó ya àwòrán etí òkun Cape of Good Hope ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dì í ní ìdì, ó sì dé ilẹ̀ láìyingin, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ NASA ní Ohio. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi Ìlànà Ìdì mú àwòrán wálé láti ojú sánmọ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwòrán náà jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà.

Láàárín oṣù díẹ̀ sí i, NASA gbé e lọ síwájú. Fún bí oṣù kan, wọ́n fi ìdì ránṣẹ́ sí ọkọ̀ EPOXI, tó jìnnà sí ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 32 kìlómítà, wọ́n sì gbà á padà. EPOXI wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ bá ìràwọ̀ onírù kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Sunita Williams, awòràwọ̀ tó wà nínú ibùdó ISS lókè, lo ìlànà náà láti darí rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n fi LEGO ṣe, tó wà ní Darmstadt ní Jámánì. Ní ọdún 2016, ISS bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó déédéé. Ní ọdún 2022, Danuri, ọkọ̀ tí Gúúsù Kòríà rán lọ sí òṣùpá, fi fídíò orin «Dynamite» ti BTS ránṣẹ́ wálé nípasẹ̀ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta á fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ lọ.

Ìdánwò ni gbogbo ìwọ̀nyí jù lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2024 ni NASA fi sátẹ́láìtì PACE ránṣẹ́ sókè láti máa wo àwọ̀ òkun àti eruku inú afẹ́fẹ́. PACE kò dán Ìlànà Ìdì wò. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń fi ṣe. Ìdì tó ti fi ránṣẹ́ wálé ti ju 30 mílíọ̀nù lọ.

Kí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹnìkan lè ní, «Olùkọ́, ta ló ń gbé ní Mars tó nílò lẹ́tà?» Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọkọ̀ tó lọ bá ìràwọ̀ onírù máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí àwòrán ọjọ́ yẹn bá sọnù lọ́nà, kò ṣe é tún yà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti owó aráàlú ló bá a lọ. Bí ènìyàn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lórí òṣùpá, ìkìlọ̀ pé ìjì òòrùn ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dé etí wọn, bí ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e tilẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn òṣùpá. Ní báyìí, NASA, àjọ ojú sánmọ̀ Yúróòpù àti ti Japáànù ti jọ ń ṣètò LunaNet, kí ọkọ̀ orílẹ̀-èdè kan lè ru ìdì ti òmíràn ní àyíká òṣùpá. Bí kálukú bá ń sọ èdè tirẹ̀, ọkọ̀ méjì á kọjá lára wọn, ọ̀kan á wà nínú ewu, èkejì kò sì ní gbọ́.

Èyí mú ìbéèrè tuntun wá. Bí mo bá ru ẹrù rẹ, ṣé mo lè tú u wò? Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n tẹ ẹ̀dà tuntun ìlànà náà jáde, wọ́n sì tẹ òfin ààbò jáde pẹ̀lú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí a lè ti ìdì pa. Ó rán mi létí àrokò àwọn baba wa: ẹni tó gbé e kò ní láti mọ ohun tó ń wí, kó ṣáà gbé e dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ìbéèrè mìíràn ṣì wà nílẹ̀. Àyè tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ní láti kó ìdì pamọ́ kò pọ̀. Bí ó bá kún, ti ta ni wọ́n máa jù nù? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín àwọn ènìyàn ni.

Lórí ilẹ̀ ayé, ìlànà yìí kò ì tíì gbilẹ̀ bí wọ́n ṣe rò ní ọdún 2003, nítorí pé òpó fóònù alágbèéká ti dé ibi púpọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń bá ilé sọ̀rọ̀ mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣì ń lọ, iná ṣì ń lọ. Àwọn tó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gbà pé ìdáhùn yóò máa tètè dé. Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè wo Mars ni wọ́n tó rí i pé ìdádúró kì í ṣe ìparun ọ̀rọ̀, bí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́nà bá ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé fún àwọn ọmọ

1. Kí ló dé tí ìkíni TCP kò fi lè ṣiṣẹ́ láàárín ayé àti Mars?
2. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí wọ́n ń kọ sára ìdì.
3. Sátẹ́láìtì wo ló bá UK-DMC gbéra lọ́jọ́ kan náà? Níbo ni wọ́n ti ṣe é?
4. Bi bàbá, màmá tàbí òbí rẹ àgbà léèrè: ta ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà rán sílé, ọjọ́ mélòó ni ó sì ń gbà kó tó dé? Kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn márùn-ún lédè Yorùbá, kí o mú un wá ní Sátidé tó ń bọ̀.